Ẹ yé pe 150 ní cut-off fún ọmọ tó fẹ́ di ẹnjiníà

Lánàá, màmá kan tó máa ń wo fídíò mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n ní, "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Àbúrò ẹ gba 168 nínú JAMB, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo gbọ́ lórí rédíò pé 150 ni cut-off. Mo ní kí n bi ọ́, nínú Mechanical ti UI àti ti UNILAG, èwo ló dáa jù ká mú?"

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rín wà nínú ohùn màmá yìí. Mò ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn wọn, ẹnì kan ń bèèrè iye tí kóńgò gàrí kan jẹ́, wọ́n ń dá onítọ̀hún lóhùn, wọ́n tún ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ. Ó ti dá wọn lójú pé ọmọ ti wọlé. Ó ku kí wọ́n ṣa èyí tó bá wù wọ́n, bí ẹni tó ń ṣa tòmátò lórí àtẹ.

Mi ò tètè mọ bí mo ṣe fẹ́ dá wọn lóhùn. Mo ti pè wọ́n padà láàárọ̀ yìí, màá sọ ohun tí a jọ sọ tó bá yá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ẹ̀yin yòókù jà ná. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, ẹ fara balẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2025, JAMB pe àwọn ọ̀gá yunifásítì, ti poli àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì jọ sí Àbújá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Wọ́n fẹnu kò pé 150 nínú 400 ni máàkì tó kéré jù tí yunifásítì lè fi gba ọmọ. Poli, 100. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, 100. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, 140. Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo orí ayélujára ti gbé e: "JAMB ti kéde cut-off!"

Ìjà bá bẹ̀rẹ̀. Apá kan ní ìtìjú gbáà ni, pé 150 ò tó ìdajì 400, pé láyé tàwọn, pẹ́ńsù làwọn fi ń kun ìdáhùn, àwọn dẹ̀ gba 280. Apá kejì ní kí wọ́n fi àwọn ọmọ sílẹ̀ jàre, iná ò sí, tíṣà ò sí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọlé. Mo ka gbogbo ẹ̀. Apá méjèèjì ń jà lórí ìlẹ̀kùn tí kò sí lára ilé.

150 yẹn ò mú ẹnikẹ́ni wọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ kankan láwọn ilé ìwé tí gbogbo ayé ń lé kiri. Ohun tó ń sọ ò ju pé: ilé ìwé kankan ò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ ibí yìí. Ilé ìwé láṣẹ láti gbé tiẹ̀ sókè bó ṣe fẹ́. UI, UNILAG àti OAU, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń béèrè 200 kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn wá ṣe post-UTME wọn. Lọ́dún 2017 tí JAMB gbé tiẹ̀ wá sílẹ̀ sí 120, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò yẹsẹ̀ lórí 200. Ọmọ tó bá gba 168, wọn ò ní jẹ́ kó jókòó síbi ìdánwò wọn rárá, ká má tíì wá sọ Mechanical.

Màmá yìí ò mọ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ ni "cut-off". Lójú ọmọ èèyàn, ẹni tó bá ti kọjá cut-off ti kọjá nìyẹn. Àbí kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ní ọmọ náà gba 200. Ṣé ó ti dé nìyẹn? Ẹ wo ìṣirò UI, torí òun ló rọrùn jù láti ṣàlàyé. Wọ́n á pín máàkì JAMB sí ọ̀nà mẹ́jọ, wọ́n á pín máàkì post-UTME sí méjì, wọ́n á ro wọ́n pọ̀, ó di nǹkan kan nínú 100. 200 lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 25. Tí ọmọ yìí bá gba 60 nínú post-UTME, 30 nìyẹn. Àpapọ̀ ẹ̀, 55. Ẹlòmíì tó gba 280 nínú JAMB, tó gba 60 kan náà ní post-UTME, 35 àti 30, ó ti di 65. Kí ọmọ 200 tó lè bá a níbẹ̀, àfi kó gba 80 nínú post-UTME. Ẹ lọ bi àwọn tó ti ṣe é bóyá 80 jẹ́ ohun tí wọ́n ń ṣa nílẹ̀.

UNILAG tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n ń ka WAEC mọ́ ọn. OAU náà ń ka WAEC mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìṣirò tiwọn yàtọ̀. Oníkálukú pẹ̀lú òṣùwọ̀n ẹ̀.

Kódà 65 yẹn, kò sẹ́ni tó lè búra fún ọ ṣáájú pé ó tó wọ Civil tàbí Mechanical. Ìdí ni pé cut-off ti ẹ̀ka, èyí tó jẹ́ ojúlówó, ẹ̀yìn gbogbo ìdánwò ló ń jáde. Wọ́n á to orúkọ láti òkè wá sísàlẹ̀, wọ́n á ka iye àyè tó wà, ibi tí àyè bá ti tán, ibẹ̀ ni cut-off. Kì í ṣe máàkì ìyege. Máàkì ẹni tó jókòó sórí àga tó kẹ́yìn ni. Tí àwọn tó mọ̀wé bá pọ̀ lọ́dún kan, á lọ sókè. Tí wọn ò bá pọ̀, á wálẹ̀ díẹ̀.

Mi ò bá ìyẹn jà o. Àga ò tó, ó yẹ kí wọ́n tò. COREN tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà nílẹ̀ yìí kì í fẹ́ kí ẹ̀ka kan máa kó ọmọ bí ẹni ń kó yanrìn, nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi kọ́ wọn ò ju ẹyọ méjì lọ, tí ọ̀kan dẹ̀ ti bàjẹ́. Ohun tí mò ń bá jà ni pé wọ́n mọ ibi tí àga tó kẹ́yìn wà lọ́dún tó kọjá, wọ́n mọ ti ọdún tó ṣáájú ẹ̀, wọn ò ní sọ fún ọ kó o tó sanwó. 150 ni wọ́n máa sọ fún ọ. Tó o bá ti sanwó tán, tó o ti ṣe gbogbo ìdánwò, tó o ti dúró títí ọrùn ẹ fi fẹ́ gùn bíi ti àgùnfọn, wọ́n á wá sọ òótọ́.

Owó wo? Ẹ ṣírò ẹ̀. Fọ́ọ̀mù JAMB ti 2025, 7,200 náírà fún ẹni tí kò ṣe mock. Tí máàkì bá jáde, tó o rí i pé ilé ìwé tó o mú ò ṣe é dé, 2,500 láti yí i padà. Post-UTME, 2,000. Ó ti di 11,700 náírà, mi ò tíì ka owó kàfé, owó ọkọ̀, àti lẹ́sìn tí àwọn kan ń san fún oṣù mẹ́fà. Fún ẹnì kan, lọ́dún kan. Mo mọ àwọn tó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin.

Mo nídìí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba 236 lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ọmọ tó ń tú rédíò àti fáànù ilé palẹ̀ láti kékeré ni, tó ń fìyà jẹ ìyá ẹ̀. Electrical ló wù ú. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan ló mú, mi ò ní dárúkọ wọn. Ó kọjá iye tí wọ́n ní kéèyàn fi wá ṣe post-UTME, ó lọ, ó ṣe é, kò dẹ̀ ṣe é burú. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni wọ́n tó gbé cut-off ẹ̀ka jáde. Máàkì méjì àti díẹ̀ ló fi kéré sí ti Electrical. Wọ́n wá fún un ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ oko. Ọmọ tí kò gbin tẹ̀tẹ̀ rí.

Gbogbo èèyàn ní kó gbà á, pé ẹni tí ò bá rí àdán, á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ó kọ̀.

Ohun tó ká mi lára jù ni èyí: ẹnu ọmọ kan tó wà ní ọdún kẹta níbẹ̀ la ti padà gbọ́ pé Electrical wọn kì í wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tó ṣáájú. Àwọn tó wà nínú ọgbà mọ̀. Àwọn tó ń ṣe tutorial lẹ́nu géètì mọ̀, wọ́n tiẹ̀ ń gbowó sọ ọ́ ni. Agric Engineering wà nínú fákọ́tì kan náà, Metallurgical wà níbẹ̀, máàkì ọmọ yìí ì bá gbé e wọ ọ̀kankan nínú méjèèjì láìlàágùn. Kò mọ̀ ló fi mú Electrical. Wọn ò ní láti fi àga kan kún àga kí ọmọ yẹn tó wọ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Bébà kan ṣoṣo ló nílò, tí wọ́n kọ iye ti ọdún tó kọjá sí, kó tó yan ẹ̀ka. Bébà yẹn ló gba ọdún kan lọ́wọ́ ẹ̀, torí ó tún JAMB ṣe ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bébà náà ṣòroó kọ. Láti 2017 ni JAMB ti ń fi ohun tí wọ́n pè ní CAPS ṣe ìgbaniwọlé. Orúkọ ọmọ, máàkì ẹ̀, ìpínlẹ̀ ẹ̀, ẹ̀ka tí wọ́n fún un, bóyá ó gbà á tàbí ó kọ̀ ọ́, gbogbo ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan lè jókòó sí ọ́fíìsì wọn ní Bwari kó fa máàkì ẹni tó kéré jù tó wọ Civil ní gbogbo yunifásítì ilẹ̀ yìí jáde kí omi tíì tó hó. Wọn ò kàn ṣe é ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń bí mi nínú gan-an, 100 tí wọ́n fún poli. Ìbéèrè 180 ni JAMB ń bi ọmọ kọ̀ọ̀kan: 60 ní Use of English, 40 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta yòókù, wákàtí méjì. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà fún ìbéèrè kan, A, B, C, D. Ẹni tí kò ka ìbéèrè rárá, tó kàn ń tẹ ohun tí ọwọ́ ẹ̀ bá bà, ká wò ó lápapọ̀, á rí ẹyọ kan mú nínú mẹ́rin mẹ́rin. Ìdá kan nínú mẹ́rin 400, èló nìyẹn? 100. Ẹ fa ewúrẹ́ wọ ilé ìdánwò CBT, kó máa fi pátákò tẹ kọ̀ǹpútà, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba cut-off poli.

Mi ò fi ewúrẹ́ bú ọmọ kankan o. Àwọn tó fi 100 síbẹ̀ ni mò ń bá wí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ iná, iṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ afárá ní poli, kò pọn dandan kó mọ nǹkan kan kó tó dé. Yaba Tech ti wà láti 1947. Ẹ lọ wo inú iléeṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ bi ẹni tó ń tún un ṣe pé níbo ló ti kàwé. Ìjọba tó ń pariwo lójoojúmọ́ pé a nílò àwọn tó mọṣẹ́ ọwọ́, òun náà ló fi ìlẹ̀kùn ibẹ̀ sí ibi tí ẹni tó di ojú ẹ̀ lè gbà wọlé, tí ẹ̀yin òbí wá ń pe poli ní ibi tí àwọn olódo ń lọ.

150 náà ńkọ́? Tí ọmọ kan bá mọ ìdá kan nínú mẹ́fà ìbéèrè náà dájú, tó wá ń tẹ yòókù bó ṣe bọ́, 150 ló máa bọ́ sí. Tó bá mọ ìdá kan nínú mẹ́ta, 200. Ẹ mú bébà, ẹ ṣe é wò.

Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan ti fẹ́ gé ibí yìí lọ fi bú àwọn ọmọ òde òní. Ẹ dúró ná. Ìdánwò JAMB ò ní máàkì ìyege. Ìdánwò ìtòlẹ́sẹẹsẹ ni, wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà níwájú ẹni ni. Nígbà tí máàkì ọdún 2025 jáde, àwọn 1,955,069 ni wọ́n ka máàkì wọn, èyí tó ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ nínú wọn ò gba tó 200, ìwé ìròyìn dẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà pé wọ́n fìdí rẹmi. Ta ló sọ pé 200 ni ìyege? Ẹ kàn fẹ́ràn ìdajì ni. Tí ìdánwò bá le, àwọn tó mọ̀wé jù náà á wálẹ̀, wọ́n á ṣì wà níwájú, àga tó wà nílẹ̀ á ṣì kún.

Ó tún wá jẹ́ pé nínú ìtìjú tí ẹ dà lé àwọn ọmọ lórí lọ́dún yẹn, ti ẹ̀rọ JAMB fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede jáde, ó sunkún níwájú kámẹ́rà, ó ní àṣìṣe ti wáyé. Ilé ìdánwò 157, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. Àwọn ọmọ 379,997. Àtúnṣe kan tó yẹ kí wọ́n ṣe sórí sáfà tó ń bójú tó àwọn ilé ìdánwò náà, wọn ò ṣe é. Ọjọ́ 16 ni wọ́n ní kí àtúnṣe ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹkún bàbá náà, kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló ń jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kó tó jẹ́wọ́, àwọn kan ti gba máàkì yẹn, wọ́n ti jẹ èébú nílé, wọ́n ti gbà pé olódo làwọn.

Ẹ jẹ́ ká tún wo inú máàkì náà fúnra ẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ẹni tó fẹ́ di ẹnjiníà, Use of English, Maths, Physics àti Chemistry ló máa ṣe. Ẹnì kan gba 75 ní English, 60 ní Chemistry, 35 ní Maths, 30 ní Physics. 200. Ẹnì kejì gba 40 ní English, 50 ní Chemistry, 55 ní Maths, 55 ní Physics. 200. Lẹ́nu géètì, ọgbọọgba ni wọ́n. Nínú àwọn méjèèjì, ta lẹ fẹ́ kó ṣírò irin tó máa gbé afárá Kẹta ró? Mi ò ní kí ẹnjiníà má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 2025, ìwé ìtàn tí wọ́n ní kí gbogbo wọn kà fún Use of English ni The Lekki Headmaster, ìwé tó dùn ni. Ṣùgbọ́n kí ọmọ fi ìtàn ọ̀gá ilé ìwé bo Physics mọ́lẹ̀ kó wọ Mechanical, kí èyí tó mọ Physics máa wo ojú òrùn, ìyẹn ò yé mi. Tí ẹ bá fẹ́ cut-off tó nítumọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ fi ti Maths àti Physics lọ́tọ̀. Kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ní máàkì tiẹ̀ lórí bébà èsì kan náà.

Lórí gbogbo èyí, ẹ fi ti ìpínlẹ̀ lé e. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, cut-off ẹ̀ka kan kì í ṣe ẹyọ kan. Ìlànà tó wà nílẹ̀ ni pé 45 nínú ọgọ́rùn-ún àyè wà fún máàkì nìkan, ibi yòówù kéèyàn ti wá. 35 wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ìwé náà ká. 20 wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba gbà pé ẹ̀kọ́ ò tíì gbilẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Ògùn àti ọmọ Ẹdó lè gba máàkì kan náà gẹ́lẹ́ fún UNILAG, kí ti Ògùn wọlé, kí ti Ẹdó dúró síta. UNILAG máa ń gbé ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde, mo kí wọn fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn post-UTME náà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ fi èyí bá ará òkè Ọya jà, ẹ rọra. Mi ò ní kí wọ́n fagi lé e. Ọmọ tó kàwé níbi tí kò ti rí tíṣà Physics rí, mi ò lè gbé e sórí ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ọmọ tó ní tíṣà lẹ́sìn mẹ́ta n'Íkẹjà. Àwa ọmọ Yorùbá dẹ̀ ń jẹ nínú 35 yẹn dáadáa, ẹ má jẹ́ ká purọ́ fúnra wa. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí cut-off bá jẹ́ oríṣi mẹ́ta, ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta.

Àwọn kan máa ní, ṣebí kí wọ́n kàn gbé e lọ sí 250, kí gbogbo ẹ̀ parí. Tí ẹ bá gbé e lọ sí 250, àga mélòó ló máa kún àga ní Civil? Òdo. Àwọn tó máa wọlé ní UI á ṣì jẹ́ àwọn tó máa wọlé tẹ́lẹ̀. Àwọn yunifásítì aládàáni tí wọ́n ń wá ọmọ lójú méjèèjì ló máa tilẹ̀kùn, àti àwọn ẹ̀ka tí ẹnikẹ́ni ò dù. Torí tiwọn ni 150 ṣe wúlò, mi ò jiyàn. Ìyẹn gan-an ni ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é: ààlà tí ilé ìwé ò gbọdọ̀ kọjá sísàlẹ̀. Kí wọ́n yé kéde ẹ̀ fún àwọn òbí bíi pé ìlẹ̀kùn ló ṣí.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Kí tíkẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ títà, àní fọ́ọ̀mù, ẹ dárí jì mí, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì ló ń wá sí mi lẹ́nu, kí JAMB gbé ìwé kan jáde: yunifásítì yìí, ẹ̀ka yìí, àyè mélòó ni wọ́n ní, mélòó ló béèrè lọ́dún tó kọjá, máàkì wo ni ẹni tó kẹ́yìn gbà nípa máàkì nìkan, èló nípa agbègbè, èló nípa ìpínlẹ̀ tó kù díẹ̀ káàtó. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé gbogbo kàfé tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù. Kí wọ́n kà á lórí rédíò ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ìgbò. Bí wọ́n bá ń bẹ̀rù pé àwọn tó máa ra fọ́ọ̀mù á dín kù, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ síta ká gbọ́.

Ó yá, màmá wa.

Mo pè wọ́n ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, wọn ò tíì lọ sọ́jà. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín, báwo ni wọ́n ṣe pín 168 yẹn?" Wọ́n pe ọmọ, ọmọ kà á fún mi: Maths 51, Physics 48, Chemistry 40, English 29.

Ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. English ló rì í. Ọmọ tó gba 51 ní Maths.

Mo ṣàlàyé fún wọn pé UI àti UNILAG ò ṣeé ṣe pẹ̀lú máàkì yìí, lọ́dún yìí. Mo ní tí wọ́n bá fẹ́ ọ̀nà tó dájú, kí ọmọ lọ ṣe ND Mechanical ní poli ọdún méjì, kó gba èsì tó dáa, kó fi Direct Entry wọ yunifásítì láti ọdún kejì, tàbí kó kúkú ṣe HND ẹ̀ lọ. Mo ní tó bá tún JAMB fẹ́ ṣe, English ni kó kọjú sí, kó fi Maths sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo tún sọ fún wọn pé kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni lówó tó bá ní òun lè bá wọn "wọlé", torí ẹnì kan ti béèrè 80,000 náírà lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti já. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ báyìí lórí rédíò?"

Mo ní mi ò mọ̀, mà. Wọ́n ní bàbá ẹ̀ ti sọ fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wá béèrè iye tí fọ́ọ̀mù poli jẹ́, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó dáadáa kí n tó sọ iye kan fún wọn. Màá pe òun àti ọmọ náà lálẹ́ òní.